Ọmọkùnrin tó ń fi ọwọ́ gun itan kó tó dìde, ọ̀lẹ kọ́ o

Ẹ̀yin òbí wa, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tí ọmọ-ọmọ wà lọ́dọ̀ yín ní Mọ́níyà, Lálúpọn, Ẹ̀rùnmu tàbí Àkànràn, ọ̀rọ̀ tòní kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ wo ọmọkùnrin yín tó ti tó ọdún 3 sí 5 dáadáa. Ṣé ó ń ṣubú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ? Ṣé kò lè sáré, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ? Ẹ ní kó jókòó sílẹ̀, kó wá dìde láìdi nǹkan kan mú. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló kọ́kọ́ dojú bolẹ̀, tó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, tó wá ń fi ọwọ́ gun orúnkún àti itan ara rẹ̀ bí ẹni ń gun ọ̀pẹ kó tó nàró, ẹ má nà án, ẹ má sì pè é ní ọ̀lẹ. Dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Gowers, ti kọ nípa irú ìdìde yìí láti 1879, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń pè é dòní.

Àìsàn tó sábà máa ń fa èyí ni Duchenne, orúkọ dókítà ará Faransé kan tó ṣàlàyé rẹ̀ ní àwọn ọdún 1860. Bíi ọmọkùnrin 1 nínú 5,000 ló ń ní i káàkiri ayé.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ọmọ náà? Iṣan wa kún fún sẹ́ẹ̀lì tó gùn bí okùn. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni fọ́nrán tín-tìn-tín wà tó ń sún kì, tó ń dẹ̀, àwọn ló ń jẹ́ ká lè gbẹ́sẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́ ló bo sẹ́ẹ̀lì náà lára. Purotéènì kan tó ń jẹ́ dystrophin ló so fọ́nrán inú mọ́ awọ ìta, bí okùn tí àwọn bàbá wa fi ń di igi òrùlé mọ́ òpó. Ní 1987 ni àwọn onímọ̀ tó ń bá Louis Kunkel ṣiṣẹ́ ní Boston, l'Amẹ́ríkà, rí i. Ilé tí kò ní okùn yẹn á kọ́kọ́ dúró lójú ẹni, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ ni nǹkan ń yẹ̀ níbì kan. Ara ọmọ Duchenne kì í lè ṣe dystrophin tó yè kooro. Bó bá ti ń rìn ni awọ sẹ́ẹ̀lì ń fàya. Ara á tún un ṣe, á tún un ṣe, títí á fi sú u, ọ̀rá àti àpá á wá gba ipò iṣan. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, lódìkejì ojúgun, fi máa ń ki pọ́pọ́, táwọn aládùúgbò á ní ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ló ní.

Èyí kì í ṣe rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Òjijì ni ìyẹn ń dé, ẹsẹ̀ kan ló sábà máa ń mú, ẹsẹ̀ náà á sì gbẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni Duchenne ń wọlé, ẹsẹ̀ méjèèjì ló sì ń mú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ ló fà á. Ọmọ náà kò tẹ oògùn.

Ibi tó ti máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí rèé: láti ara ìyá ni àléébù yìí ti sábà ń wá, láìjẹ́ pé ìyá mọ̀. Obìnrin ní ẹ̀dà jíìnì yìí méjì, èyí tó dára á bo èkejì láṣìírí. Ẹyọ kan ni ọkùnrin ní. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ yìí ni kò gbà á lára ìyá rárá. Ẹni tó bá wá ń pe ìyàwó ní àjẹ́ nítorí èyí, ó yẹ kó tọrọ àforíjì.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin la nílò jù níbí. Ṣé ẹ rántí àbúrò yín ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ díẹ̀díẹ̀, tó sì kú kó tó gbéyàwó? Tàbí ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n yín obìnrin? Ẹ sọ fún dókítà, ẹ má fi bò. Ìyá ọmọ náà gan-an yẹ kó yẹ ọkàn rẹ̀ wò, torí àléébù yìí lè dà á láàmú.

Láti ilé ìwòsàn agbègbè yín, ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé yín lọ sí UCH n'Ìbàdàn. Ẹ̀jẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà, láti wo creatine kinase, èròjà tó ń jò jáde láti inú iṣan tó fàya. Ẹ ṣọ́ra o: àwọn èròjà kan tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò náà ń jò láti ibẹ̀, ọmọ tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dá ṣáká sì lè máa mu oògùn ẹ̀dọ̀ lásán.

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó tán. Láìsí ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ wọn kì í lè rìn mọ́ bí wọ́n bá fi máa pé ọdún 12. Oògùn bíi prednisolone, tí dókítà bá fún wọn, ń fi ọdún díẹ̀ kún ìrìn wọn. Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì. Ìtọ́jú jíìnì tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023 ju mílíọ̀nù 3 dọ́là lọ, àwọn kan tó gbà á sì kú ní 2025 nígbà tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́. Ẹni tó bá ní òun ní in tà ní Bódìjà, owó oko yín ló ń wá.

Ẹ máa na ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì bá ṣe kọ́ yín, ẹ má fipá wọ́ ọ. Ẹ má di ẹrù oko rù ú. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kódà eyín lásán, ẹ tètè sọ fún ẹni tó ń fúnni lóògùn oorun pé Duchenne ni, torí suxamethonium lè dá ọkàn rẹ̀ dúró lórí tábìlì. Ẹ kọ ọ́ sára káàdì rẹ̀ lónìí.