Ta Ló Máa Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀ Lẹ́yìn Ẹ̀kọ́?

Bí ẹnì kan bá jókòó sẹ́yìn kíláàsì ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tàbí Ìjerò, ní Èkìtì, tíṣà kì í béèrè ohun tó bá wá. Ó ti mọ̀ pé òun ni wọ́n wá wò. Ní Jàpáàn, níbi tí àṣà kí àwọn olùkọ́ máa jókòó wo ẹ̀kọ́ ara wọn ti wà láti nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún 19, àwọn ọmọ ni wọ́n ń wò. Àwọn olùkọ́ á jọ kọ lẹ́sìn nóòtù kan, ẹnì kan á fi kọ́ ọmọ, àwọn yòókù á máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀, lẹ́yìn náà wọn á jókòó tú u palẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní 42 − 17 ló wà lójú pátákó. Ọmọ kan kọ 35. Kò méfò o: 7 kò ṣe é yọ nínú 2, ló bá yọ 2 nínú 7. Tíṣà tó wà níwájú kò rí i, àwọn tó nawọ́ sókè ló ń dá lóhùn. Ẹni tó dúró ti ọmọ náà ló rí i. Tí wọ́n bá wá jókòó, ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò ni iye tí wọ́n yàn: ká ní 48 − 17 ni, àṣìṣe yẹn ì bá má hàn rárá.

Ní Jàpáàn, ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ náà ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀mọ̀ràn tí wọ́n pè ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀gá àgbà ló sábà máa ń ṣí ìpàdé, òun náà ló ń pa á dé. Àwọn kan ní àṣà ìbọ̀wọ̀fágbà ló fà á. Mi ò gbà. Àgbà ń bá àgbà wí nípàdé ẹbí, ilé ò sì tú. Ohun tí wọ́n máa kọ sínú fáìlì rẹ̀ lolùkọ́ ń bẹ̀rù. Ní 2012, ìjọba Èkìtì ní káwọn olùkọ́ wá ṣe ìdánwò kí òun lè mọ ìrànwọ́ tí wọ́n nílò. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ìjọba ń pè é ní ìrànwọ́, iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́ làwọn olùkọ́ ń rí.

Zambia bẹ̀rẹ̀ irú ìjókòó yìí ní 2005 pẹ̀lú àjọ JICA ti Jàpáàn, ó sì tàn kálẹ̀. Èyí tí JICA bá wa ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 2006 ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, Niger àti Plateau, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ dán ìjókòó yìí wò ní Ẹ̀fọ̀n, kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé ohun tí wọ́n bá kọ níbẹ̀ kò ní dé ọ́fíìsì SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láé. Mi ò tíì mọ ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i.