Ẹja méje wọ inú dígí, ẹyọ kan ló kù: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó ra ẹja damsel

Ọ̀rọ̀ ẹja la fẹ́ sọ lónìí, kì í sì í ṣe ẹja ọbẹ̀. Ẹja tí wọ́n ń sìn fún ẹwà ni. Ẹ ti rí i lórí fóònù yín: àpótí dígí ńlá, omi iyọ̀ nínú rẹ̀, iná búlúù ń tàn yanran, ẹja kéékèèké sì ń tò tẹ̀ lé ara wọn bí ọmọ iléèwé. Damsel lorúkọ àwọn ẹja yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan nítòsí Jankara níbí ra méje lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí oṣù kẹrin tó pé, ẹyọ kan ló kù. Ó ní ojú ayé ló pa ẹja òun. Rárá o! Àwọn ẹja náà ló lé ara wọn pa. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń ná sórí nǹkan wọ̀nyí.

Ta ló ń jẹ́ damsel?

Ìdílé kan náà ni damsel àti Nemo, ẹja inú fíìmù 2003 tí gbogbo wa wò. Irú wọn ju 300 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ibi tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ilé iyùn. Bẹ́ẹ̀ ni, iyùn. Iyùn gidi tí àwọn ìyá onílẹ̀kẹ̀ ń tà, egungun ẹ̀dá kéékèèké tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkun ni. Àwọn ìbátan ẹ̀dá yẹn ló ń kọ́ ilé ràgàjì sínú òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi Òkun Pupa àti etí òkun Ọsirélíà. Bí ẹja ńlá bá yọjú, àárín ẹ̀ka iyùn làwọn damsel ń sá wọ̀.

Etí òkun tiwa l'Ékòó ò ní irú ilé iyùn bẹ́ẹ̀, yanrìn àti ẹrẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe àjèjì sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Irú kan tó ń jẹ́ Abudefduf hoefleri wà ní Cape Verde àti São Tomé.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń jà?

Ẹja wọ̀nyí ní ipò, bí agboolé ṣe ní baálé. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní Dascyllus aruanus, ẹja funfun tó ní ìlà dúdú mẹ́ta. Orí iyùn kan ni agbo kan ń gbé. Èyí tó tóbi jù ni akọ, òun ni baálé. Àwọn abo tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe tóbi sí ni wọ́n ṣe ń gba ipò. Bí akọ bá kú, abo tó tóbi jù á yí padà di akọ. Ti Nemo wá yàtọ̀: abo ni olórí ilé, bó bá kú, ọkọ rẹ̀ á di abo. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni.

Ẹni tó wà lókè ló máa ń fìyà jẹ ẹni tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà á kọjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú òkun, kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra, òkun náà sì tẹ́ja. Ẹni tí wọ́n bá lé á kàn wá iyùn mìíràn lọ. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nínú agboolé n'Ísàlẹ̀ Èkó, èèyàn ṣì lè lọ sùn sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Mushin. Ẹja inú dígí ò ní Mushin tó máa lọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹja tó kéré jù á lọ dúró ní igun kan lókè omi. Kò ní jẹun dáadáa, lẹbẹ rẹ̀ á fàya, àwọ̀ rẹ̀ á ṣì. Lọ́jọ́ kan ẹ máa bá a pé ó ti kú. Ẹ rò pé àlàáfíà dé? Ó tì o. Ẹni tó ṣìkejì láti ìsàlẹ̀ ló ti di ẹni ìkẹyìn báyìí, òun ni ìyà kàn. Bí méje ṣe ń di ẹyọ kan nìyẹn.

Èwo lẹ lè rà?

Chromis viridis, aláwọ̀ ewé mọ́ búlúù, ni wọ́n sábà máa ń tà fún ẹni tó bá fẹ́ ọ̀pọ̀ ẹja pa pọ̀. Oníwà tútù ni lójú, àmọ́ òun gan-an ló máa ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ìjà nìkan o. Kòkòrò àìsàn kan wà tó ń jẹ́ Uronema tó máa ń bá a jà gan-an. Ẹ máa rí ojú egbò pupa lára ẹja náà, kó tó pẹ́ ó ti kú.

Dascyllus dùn ún wò ní kékeré, ṣùgbọ́n bó bá dàgbà, ó lè sọ gbogbo àpótí di tirẹ̀. Chrysiptera cyanea, búlúù tó ń dán yẹn, oníjà paraku ni. Chrysiptera parasema, búlúù onírù òféèfèé, rọjú díẹ̀. Òun ni mo lè ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ gbìyànjú.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ sìn wọ́n pa pọ̀

1. Ẹ wá àyè. Fún ẹja márùn-ún sí méje, kí omi má dín ní 300 lítà. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà méjìlá nìyẹn.

2. Ẹ ra kéékèèké tí wọ́n jọ tóbi bákan náà. Ẹ kọ́kọ́ dá gbogbo wọn gbé nínú àpótí mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí àìsàn lè fara hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé á máa pe ara rẹ̀ ní onílé.

3. Kí ibi ìsápamọ́ pọ̀ ju iye ẹja lọ. Ẹ to òkúta kí ẹja kan má lè máa rí gbogbo ilé láti ojú kan.

4. Ẹ máa fún wọn lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lójúmọ́. Nínú òkun, gbogbo ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣa oúnjẹ jẹ. Ebi máa ń dá kún ìjà.

5. Ẹ má fi wọ́n dán omi tuntun wò. Ẹ̀gbin ẹja máa ń di ammonia, májèlé ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń sọ ọ́ di nitrite, tí òun náà burú, kó tó wá di nitrate tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò yìí tó pọ̀ tó. Àwọn kan ń sọ damsel sínú májèlé yẹn torí pé ó lágídí, kì í tètè kú. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ìyà ni.

Omi, ooru àti iná NEPA

Ẹ má lọ bu omi ọ̀sà o. Omi òjò máa ń là á, gọ́tà ìlú sì ń ṣàn sínú rẹ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ náà ò ṣeé lò. Iyọ̀ òkun tí wọ́n ṣe fún ẹja ni kẹ́ ẹ pò mọ́ omi tí wọ́n sẹ́ dáadáa, kí ìwọ̀n rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 1.025.

Ìwọ̀n ooru 24 sí 27 ló dáa fún wọn. Ẹ sì mọ ooru Èkó. Fáànù tó ń fẹ́ sórí omi máa ń mú un tutù, àmọ́ omi á máa fà. Omi tí kò níyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi dí i, torí iyọ̀ kì í bá omi fà lọ. Bí iná bá lọ, atẹ́gùn inú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ẹ ní ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré tó ń lo bátìrì nílé.

Bí iyàrá yín bá kéré, ẹ mú damsel ẹyọ kan, tàbí takọtabo Nemo. Wọ́n ń bí Nemo nílé ìsìnja, ṣùgbọ́n inú òkun ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ damsel. Nítorí náà, mẹ́fà tó bá kú mọ́ yín lọ́wọ́, mẹ́fà ni wọ́n kó kúrò lórí iyùn lásán. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: irú wo lèyí, báwo ló ṣe máa tóbi tó, ọjọ́ mélòó ló ti wà lọ́wọ́ yín? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ fi owó yín sápò.