Itan Ìyá Kò Tó Ààbò fún Ọmọ Nínú Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ibà tàbí ti ikọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera ni, nítorí pé ọmọ tí ó bọ́ lọ́wọ́ ibà lè kú sí ojú títì.

Ní Ẹdẹ wa yìí, bí mo bá dúró ní ìkóríta Akódà, mo máa ń rí awakọ̀ tí ó de bẹ́líìtì nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988. Ìyá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ wà ní itan ìyá. Bí mo bá bi ìyá léèrè, yóò ní, “Mo dì í mú dáadáa.”

Ìfẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n agbára kò sí níbẹ̀. Bí ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá forí sọ nǹkan, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn já bọ́ láti òkè tí ó ga tó mítà 10. Ta ni apá rẹ̀ lè di ọmọ mú nígbà náà? Bí ìyá bá sì fi bẹ́líìtì kan yí ara rẹ̀ àti ọmọ ká, ara ìyá ni yóò tẹ ọmọ pa.

Ní ọdún 1959, Nils Bohlin, ẹnjiníà ará Sweden, ṣe bẹ́líìtì tí ó gba èjìká àti ìbàdí. Ara àgbàlagbà ni ó bá mu; lára ọmọdé, ọrùn àti ikùn ni yóò há mọ́. Nítorí náà ni àwọn dókítà fi ń gbà wá ní ìmọ̀ràn báyìí:

Ọmọ ọwọ́ ní láti ní ìjókòó tirẹ̀ ní ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ojú rẹ̀ kọ sí ẹ̀yìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èyí lè dín ikú àwọn ọmọ ọwọ́ kù ní ìdá 71 nínú 100.

Ọmọ tí ó dàgbà díẹ̀ yóò lo ìjókòó tí ó ní okùn tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àga kékeré tí ó gbé e ga, títí bẹ́líìtì yóò fi gba èjìká àti egungun ìbàdí rẹ̀.

Ẹnì kan, bẹ́líìtì kan.

Bí ẹ bá ń ra tòkúnbọ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán tàbí okùn rẹ̀ ti já. Ẹ yọ owó rẹ̀ nínú owó aṣọ ẹbí.

Ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Àwọn ọmọ wa yóò sin wá o.