Nígbà tí Ìwé Àwìn Ìyá Aláṣọ Di Ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì

Láti ìgbà tí mo ti ń lọ sí yunifásítì ní òpin ọ̀sẹ̀ láti kọ́ ẹ̀kọ́ òwò, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí nínú yàrá àwọn olùkọ́ ní ilé-ìwé wa àti ní ìsọ̀ àwọn ọlọ́jà: "Tíṣà, kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ ọ nípa òwò tí ìyá rẹ kò ti kọ́ ọ ní ìdí àtẹ?" Ìbéèrè náà dára, n kò sì kà á sí ẹ̀gàn. N óò gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀ lónìí. Mo sì bẹ ẹ̀yin ọlọ́jà pé kí ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn yín ju àwa olùkọ́ lọ.

Oyè tí mò ń wí yìí ni wọ́n ń pè ní MBA. Yunifásítì Harvard ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1908. Ó di ọdún 1963 kí obìnrin mẹ́jọ tó wọ ọdún kìn-ín-ní ẹ̀kọ́ náà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ nǹkan! Nígbà tí Alímọ́tù Pẹlẹ́wùrà fi kú ní ọdún 1951, ó ti pẹ́ tí ó ti ń ṣe olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, tí ó ń ko ìjọba òyìnbó lójú lórí ọ̀rọ̀ owó orí àti iye tí wọ́n ní kí a máa ta oúnjẹ. Lónìí, ẹ̀kọ́ náà ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Èkó àti ti Ifẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní Lagos Business School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ẹni tí ó bá lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lè máa lọ lójoojúmọ́. Àwa tí a ń jẹun nínú owó oṣù ń lọ ní alẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ní kíláàsì tiwa, òṣìṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ẹnjiníà wà níbẹ̀. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ kí ó tó bọ́ sí ọjà. Òun ni ó dàgbà jù nínú wa, nítorí náà Màmá wa ni gbogbo wa ń pè é. Èmi ni ó ń pè ní Tíṣà.

Iṣẹ́ tí ó wúwo jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní kéèsì. Ìtàn ilé-iṣẹ́ kan ni, tí ó lè tó ojú ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún, tí ìṣirò owó kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà wà nínú ìdààmú, kò mọ èyí tí yóò ṣe, ibẹ̀ ni ìtàn náà sì parí sí. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ ni kí o sọ ohun tí ìwọ ìbá ṣe bí o bá jẹ́ ọ̀gá náà. Lálẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé mi tán, ni mo ń kà á. Bí ilẹ̀ bá mọ́, olùkọ́ yóò wọlé, kò ní ṣàlàyé ohunkóhun, orúkọ ẹnì kan ni yóò kàn dá pè lójijì pé, "Ẹ bẹ̀rẹ̀." Nígbà náà ni gbogbo kíláàsì yóò dákẹ́ bí ẹni tí ó bu omi sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí o bá sọ ní máàkì tirẹ̀, nítorí náà kò sí ààyè fún ẹni tí ó fẹ́ fi ara pamọ́ sẹ́yìn.

N kò ní fi gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù dá yín dúró. Ẹ̀kọ́ ìpolówó ọjà wà, ẹ̀kọ́ bí a ti ń darí òṣìṣẹ́ wà, ìṣirò sì wà dáadáa. Kí n má purọ́, òmíràn nínú rẹ̀ kò ju ọgbọ́n ọjà tí wọ́n wọ̀ ní kóòtù. Nígbà tí wọ́n kọ́ wa ní ohun mẹ́rin tí ọ̀gbẹ́ni E. Jerome McCarthy kọ sínú ìwé ní ọdún 1960, èyíinì ni ọjà fúnra rẹ̀, iye tí a ó tà á, ibi tí a ó ti tà á àti bí a ó ti kéde rẹ̀, ẹ̀rín ni Màmá wa rín. Ó ní ọmọ tí ń kiri ẹ̀kọ mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò ti rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ìṣirò owó pín wa sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú òwò kan tí ó wà láàyè, kí ó tọpa ibi tí owó rẹ̀ ń gbà. Màmá wa ní kí a mú ṣọ́ọ̀bù òun, kìkì pé a kò gbọdọ̀ dárúkọ oníbàárà kankan ní kíláàsì. Ó gbé ìwé àwìn rẹ̀ wá, ìwé gígùn kan tí etí rẹ̀ ti ká. (Ẹnjiníà ẹgbẹ́ wa kò wá rárá ní ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí a ó kọ orúkọ sára iṣẹ́ ni ó dé.)

Ohun tí ó ń da Màmá wa láàmú ni pé òwò rẹ̀ ń jèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò rí owó nílẹ̀. Bí aṣọ tuntun bá dé, á sáré lọ yá owó èlé. Lórí ₦100 ọjà, ó ń jèrè ₦10. Níbo ni èrè náà wá ń wọ̀?

A ka ọjọ́. Aṣọ ń lo 60 ọjọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kí ẹnì kan tó rà á. Àwọn tí wọ́n rà á láwìn ń lo 75 ọjọ́ kí wọ́n tó san. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 135. Ẹni tí ó ń kó aṣọ fún un sì fún un ní 30 ọjọ́ péré láti sanwó. Yọ 30 kúrò nínú 135, yóò ku 105. Èyí ni pé bí owó Màmá wa bá jáde lónìí, yóò tó 105 ọjọ́ kí ó tó padà wálé. Ní ọdún kan, owó náà kò lè lọ kí ó bọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta àbọ̀ lọ, nítorí náà ₦100 kò lè mú ju nǹkan bí ₦35 wá. Bí àwọn onígbèsè bá ń san ní ọjọ́ 15, ìrìn náà yóò di ọjọ́ 45, owó yóò lọ yóò bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ₦100 kan náà yóò sì mú ₦80 wá. Màmá wa wo pátákó títí. Ó ní, "Èmi ni báńkì wọn, n kò sì gba èlé."

Òṣìṣẹ́ báńkì ní kí ó dá àwìn dúró lọ́la. Màmá wa dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, bí mo bá dá a dúró lọ́la, ìsọ̀ kejì ni o bá mi kó wọn lọ. Aṣọ ẹbí ni mò ń tà. Ta ni yóò san gbogbo owó kí òkú tó wọlẹ̀?" Àríyànjiyàn náà gbóná. Èmi náà mú ìtàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, wá síbẹ̀, ẹni tí ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn olórí ogun. Gbèsè wọn wà lára ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Ààrẹ Látòósà kí wọ́n tó pa á ní ọdún 1874. Olùkọ́ ní kéèsì ni èyí jẹ́, kò yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà.

Ohun tí a fẹnu kò sí ni èyí: ẹni tí ó bá fẹ́ aṣọ ẹbí yóò san ìdajì kí a tó gé aṣọ, ẹni tí ó bá jẹ gbèsè àtijọ́ kò ní gba ọjà tuntun, iye owó ọwọ́ àti iye àwìn yóò sì yàtọ̀. Ó rọrùn láti kọ sórí ìwé. Àmọ́ orúkọ tí gbèsè rẹ̀ pọ̀ jù nínú ìwé náà, àbúrò ọkọ Màmá wa ni. Màmá wa lo ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó lè bá a sọ ọ́. Ọkùnrin náà bínú, kò bá wọn jẹ ẹran Iléyá lọ́dún náà. Ní oṣù kẹta ó san ìdajì. Oníbàárà méjì mìíràn lọ, wọn kò padà.

Nígbà tí sáà náà fi parí, 75 ti di 50, ìrìn owó náà ti di ọjọ́ 80, ẹ̀ẹ̀mẹta àbọ̀ sì ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin àbọ̀. Kò tíì dé ẹ̀ẹ̀mẹjọ, n kò sì rò pé yóò dé ibẹ̀ láéláé ní ìlú tí ẹbí pọ̀ tó tiwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣọ ọdún tuntun dé, Màmá wa kò lọ sọ́dọ̀ olówó èlé.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé àwìn nílé lè ṣe ìṣirò yìí láìwọ yunifásítì: ọjọ́ tí ọjà ń lò lórí àtẹ, pẹ̀lú ọjọ́ tí onígbèsè ń lò, yọ ọjọ́ tí ẹni tí ó ń kó ọjà fún ọ fi ń dúró dè ọ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ wọ yunifásítì, kí ó kọ́kọ́ wo owó ilé-ẹ̀kọ́ dáadáa, nítorí kò kéré, kò sì sí ìwé-ẹ̀rí tí ó ṣèlérí iṣẹ́. Ní sáà tí ń bọ̀, olúkúlùkù wa yóò kọ ìwé àpilẹ̀kọ tirẹ̀. Aṣọ ẹbí ni Màmá wa fẹ́ kọ tirẹ̀ lé lórí, ó sì ti ní kí n bá òun ka ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé.