Bátìrì Ọkọ̀ Máa Ń Sọ̀rọ̀ Kí Ó Tó Kú

Ilẹ̀ kò tíì mọ́. Awakọ̀ tí ó ń ná ọ̀nà Kétu sí Pọ́bẹ̀ ti di ẹrù àwọn ìyá ọlọ́jà sínú ọkọ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Bátìrì ti kú. Àwọn èrò sọ̀kalẹ̀, wọ́n wá ọkọ̀ mìíràn. Owó ọjọ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, lọ́pọ̀ ìgbà bátìrì ti sọ̀rọ̀ kí ó tó kú. Àwa ni a kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Èdè náà ni volt. Volt ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ipá tí ó ń ti iná mànàmáná lọ nínú wáyà. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara Alessandro Volta, ọmọ Ítálì tí ó fi bátìrì àkọ́kọ́ han aráyé ní ọdún 1800.

Bí bátìrì ọkọ̀ bá kún, tí ọkọ̀ sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, nǹkan bíi volt 12,6 ni yóò fi hàn. Bí ó bá di 12,2, agbára rẹ̀ ti ku nǹkan bí ìdajì. Bí ó bá di 11,8, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Bátìrì tí ó bá wà ní òfìfo fún ọjọ́ púpọ̀ yóò bàjẹ́ nínú.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ó lè máa ka volt yìí fún wa lójoojúmọ́. Microcontrôleur ni a ń pè é. Kọ̀ǹpútà kékeré ni, a sì lè kọ́ ọ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo. Arduino Uno, pátákó kékeré tí ó gbé irú rẹ̀ ró, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra! Volt 5 péré ni ẹnu Arduino yìí lè gbà. Bí a bá so ó mọ́ bátìrì tààrà, yóò jóná. Nítorí náà, a ó fi résistance méjì sáàárín: ọ̀kan jẹ́ ohm 30 000, èkejì jẹ́ ohm 10 000. A ó to àwọn méjèèjì tẹ̀ léra láti orí bátìrì dé ìdí rẹ̀. Èyí ńlá yóò gba ìpín mẹ́ta nínú mẹ́rin, èyí kékeré yóò gba ìpín kan. Ìpín kan yìí ni Arduino yóò kà. Bí bátìrì bá jẹ́ 12,6, ohun tí yóò dé ẹnu rẹ̀ jẹ́ volt 3,15.

Arduino yóò sọ ọ́ di nọ́ńbà láàárín 0 sí 1023. Fún volt 3,15, nọ́ńbà náà á tó 645. A ó kọ́ ọ kí ó ṣírò rẹ̀ padà ní ìlọ́po mẹ́rin, kí ó sì tan iná pupa bí bátìrì bá ti sọ̀kalẹ̀ sí 12,2 nígbà tí ọkọ̀ wà ní ìsinmi. Ẹ má gbàgbé láti fi fíúsì sí wáyà tí ó ti orí bátìrì wá, kí iná má baà sọ.

Bí ẹ kò bá ní Arduino, ẹ bẹ oníná ọkọ̀ kí ó fi ẹ̀rọ ìwọ̀n rẹ̀ wo bátìrì yín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ẹni tí ó bá rí 12,2 ní alẹ́ kò ní jẹ́ kí òwúrọ̀ bá òun lójijì.