Iṣẹ́ agégẹdú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn

Agégẹdú ni òṣìṣẹ́ tó ń gé igi ńlá lulẹ̀ nínú igbó tàbí nínú oko kí wọ́n tó là á sí pákó. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, iṣẹ́ yìí ń lọ nínú àwọn igbó ọba bí Igbó Ọmọ, nínú oko àwọn àgbẹ̀, àti lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣán láti kọ́ ilé ní àwọn ìlú bí Ọ̀fàdà, Mowe, Ìbàfò àti Ìfọ̀. Ó wà lára àwọn iṣẹ́ tó léwu jù lọ ní àgbáyé. Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí ìjọba ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ikú àwọn òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, bí 100 nínú 100,000 òṣìṣẹ́ gẹdú ni ó kú lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 2022, nígbà tí iye náà kò tó 4 nínú 100,000 fún gbogbo òṣìṣẹ́ lápapọ̀. Apá kan ewu náà wá láti ara igi fúnra rẹ̀; apá kejì wá láti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba agégẹdú síṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń san owó rẹ̀.

Orúkọ àti irú igi

Gẹdú ni igi ńlá tó ṣeé là sí pákó. Ẹni tó ń gé e ni agégẹdú. Ó yàtọ̀ sí aṣẹ́gità, tó ń ṣẹ́ igi ìdáná tà. Ó tún yàtọ̀ sí onígẹdú, ìyẹn oníṣòwò tó ni igi tí wọ́n gé, tó sì lè má fi ọwọ́ kan ayùn rárá. Agbégilódò ni wọ́n ń pe ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó gẹdú jáde láti inú igbó. Odò àti ọ̀sà náà jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí gẹdú ń gbà dé Èkó.

Lára àwọn igi ìbílẹ̀ tí wọ́n ń gé ni ìrókò, ọ̀gánwó, arère, afàrà, ìdígbó, òpèpè àti igi ọmọ. Wọ́n tún ń gé tíìkì àti gmelina, tí í ṣe igi ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n gbìn.

Ìtàn

Kí ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tó dé, àáké ni wọ́n fi ń gé igi ńlá. Igi bí àràbà àti arère ní gbòǹgbò tó yọ sókè ilẹ̀ bí ògiri. Láti gé irú igi bẹ́ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi ọ̀pá àti ìtàkùn ṣe pẹpẹ yí i ká, wọn a sì dúró lórí rẹ̀ kí àáké lè dé ibi tí igi ti rí róbótó. Ní ti ìrókò, ìgbàgbọ́ Yorùbá ni pé Olúwéré ń gbé inú rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n máa ń ṣe ètùtù kí ẹnikẹ́ni tó fi àáké kàn án.

Ní ìgbà ìjọba amúnisìn ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin dá igbó sí. Igbó ọba tó wà ní Olókèméjì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1899, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà. Igbó Ọmọ, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, di igbó ọba ní ọdún 1925 gẹ́gẹ́ bí apá kan Igbó Ọba Ṣaṣa. Ó fẹ̀ ju 130,000 hẹ́kítà lọ. Ní ọdún 1946, ìjọba ya 460 hẹ́kítà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, àjọ UNESCO sì fọwọ́ sí ibẹ̀ ní ọdún 1977 gẹ́gẹ́ bí ibi ìpamọ́ ohun ẹlẹ́mìí. Ní ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de kíkó gẹdú tí a kò tíì là ránṣẹ́ sí òkè òkun.

Ayùn ńlá tí ènìyàn méjì ń fà ni wọ́n fi ń la gẹdú sí pákó nínú igbó nígbà náà: ọ̀kan a dúró lókè igi, èkejì a wà nínú kòtò nísàlẹ̀. Ní Jámánì, Andreas Stihl ṣe ayùn oníná mànàmáná ní ọdún 1926, ó sì ṣe èyí tó ń lo epo bẹntiróòlù ní ọdún 1929. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni irú èyí tó fúyẹ́ tó fún ènìyàn kan láti gbé wá gbilẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi àáké ṣe fún ìgbà pípẹ́ di iṣẹ́ tí ẹnì kan lè parí láàárín àkókò kúkúrú. Bí iṣẹ́ ṣe yá tó yìí ni iye ènìyàn tó wà nítòsí láti kígbe sí agégẹdú, tàbí láti gbé e jáde bí nǹkan bá ṣe é, ṣe dín kù.

Bí wọ́n ṣe ń gé igi

Kí agégẹdú tó tan ayùn rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wo igi náà láti ìdí dé orí: apá ibi tí ó tẹ̀ sí, apá ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀ sí, bóyá inú rẹ̀ ti jẹrà, àti bóyá ìtàkùn so ó mọ́ igi mìíràn. Yóò ṣán ìdí igi náà mọ́, yóò sì la ọ̀nà méjì tí yóò gbà sá, èyí tó lọ sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ kìnnìún-kìnnìún sí ibi tí igi yóò wó sí, kì í ṣe tààrà lẹ́yìn igi.

Lẹ́yìn èyí, yóò gé ẹnu sí ara igi ní apá ibi tí ó fẹ́ kí ó wó sí. Ẹnu yìí máa ń wọlé tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìbú igi. Yóò wá bọ́ sẹ́yìn láti gé e láti òdìkejì, díẹ̀ sókè ju ìsàlẹ̀ ẹnu náà lọ. Kò gbọdọ̀ gé e já. Ó gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú igi náà sílẹ̀ láàárín ẹnu àti ibi tí ó gé lẹ́yìn. Apá tí kò gé yìí ni ó ń di igi mú bí ó ti ń wó, bí ohun tí ó so ilẹ̀kùn mọ́ férémù, kí ó má baà yí lọ sí ibòmíràn. Bí ó bá ti gé e já, kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí igi náà yóò wó sí mọ́.

Àwọn ewu

Ìtàkùn wà lára ohun tó mú kí gígé igi nínú igbó ilẹ̀ olóoru nira. Ìtàkùn kan lè so orí igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀. Bí ọ̀kan bá ń wó, ó lè fa ẹ̀ka ìkejì já, tàbí kí ó yí igi náà padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé e. Ẹ̀ka gbígbẹ tó há sókè náà lè já lulẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ nígbà tí ayùn bá ń mì igi, ariwo ẹ́ńjìnnì kì í sì í jẹ́ kí agégẹdú gbọ́ ọ.

Igi tí ó wó tí ó sì há sára igi mìíràn tún léwu gidigidi. Òwe Yorùbá ní bí igi bá wó lu igi, tòkè rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ gbé. Òfin iṣẹ́ náà kò yàtọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tó wà nísàlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá lábẹ́ èyí tó há, títí wọn yóò fi fi okùn tàbí ẹ̀rọ fà á sọ̀kalẹ̀.

Igi tó tẹ̀ gan-an lè là sókè láti ìdí rẹ̀ kí agégẹdú tó gé e dé ibi tó yẹ. Ìdajì tó là yóò ta sẹ́yìn pẹ̀lú agbára, ní ibi tí ẹni náà dúró sí gan-an. Ayùn fúnra rẹ̀ lè ta padà bí orí irin rẹ̀ lápá òkè bá kan igi, tí yóò sì dojú kọ ojú tàbí ọrùn ẹni tó dì í mú. Nínú igi ìrókò, a máa ń rí ohun líle bí òkúta tó dì sínú igi náà láti ara oje rẹ̀. Kì í hàn láti ìta, ó sì máa ń ba eyín ayùn jẹ́.

Àwọn ewu mìíràn kì í pani lọ́jọ́ kan. Ariwo ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ju 100 dẹ́síbẹ̀lì lọ, bẹ́ẹ̀ ni a gbà pé ariwo tó ju 85 lọ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ń ba etí jẹ́. Ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ náà máa ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ọwọ́ jẹ́, débi tí ìka yóò máa kú tipiri. Ìyẹ̀fun igi ìrókò máa ń yún ara, ó sì máa ń ta ojú àti ihò imú. Ejò àti oyin inú igbó tún wà níbẹ̀.

Ipò iṣẹ́

Agégẹdú kì í sábà ní ìwé àdéhùn iṣẹ́. Onígẹdú ló ń gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, tàbí tó ń ra igi lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí yóò sì pe agégẹdú. Wọ́n ń sanwó fún un níye igi tó gé tàbí níye ẹrù ọkọ̀ tó kún. Nítorí náà, àkókò tí ó bá fi wo igi, tí ó fi la ọ̀nà àsálà, tàbí tí ó fi gé ìtàkùn sílẹ̀ ṣáájú, kò sí owó fún un. Bí òjò bá rọ̀ tí ọ̀nà bàjẹ́, tàbí tí ayùn bá bàjẹ́, kò sí owó lọ́jọ́ náà.

Ohun ìdáàbòbò fún iṣẹ́ yìí ni akoto, gíláàsì ojú, ìbòtí, ìbọ̀wọ́, bàtà onírin àti ṣòkòtò tí ayùn kì í tètè gé wọlé. Ṣòkòtò yìí wọ́n, ó sì ń mú ooru. Ọ̀pọ̀ agégẹdú ń ṣiṣẹ́ láìlò ó. Jíjìnnà igbó sí ilé ìwòsàn tún mú kí ọgbẹ́ tí ì bá san di ohun tó ń gba ẹ̀mí, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ lè dà tán kí wọ́n tó gbé ẹni náà dé títì.

Òfin

Òfin igbó ní kí onígẹdú ní òòlù àmì tí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tí yóò fi lu igi tí ó gé àti kùkùté rẹ̀. Pẹ̀lú àmì yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba lè mọ ẹni tó ni gẹdú kan níbikíbi tí ó bá ti rí i. Kò sí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó gé e. Ìdí kan ni pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni igbó wà, nígbà tí ìwé òfin Nàìjíríà fi ọ̀rọ̀ ààbò òṣìṣẹ́ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin ilé iṣẹ́ tó wà fún ààbò òṣìṣẹ́ kan ilé ìlàpákó, ṣùgbọ́n inú igbó kì í ṣe ilé iṣẹ́.

Síbẹ̀, Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 kò yọ agégẹdú sílẹ̀. Ó ka ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ pẹ̀lú àdéhùn ẹnu lásán mọ́ òṣìṣẹ́, títí kan òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀. Bí ó bá farapa, òun tàbí ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó gbà á síṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Inú owó tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá sí àpò àjọ yìí ni ẹ̀san ti ń wá. Ibi tí òfin yìí ti ń kùnà ni pé onígẹdú lè sọ pé òun kò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́, pé igi ni òun rà. Ẹni tó bá ń dá ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ kò sí lábẹ́ rẹ̀ àfi bí ó bá fi owó sí i fúnra rẹ̀.

Ní agbègbè Ọ̀fàdà

Ọ̀fàdà, tí a mọ̀ fún ìrẹsì, wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé pẹ̀lú Mowe àti Ìbàfò, nítòsí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìfọ̀ wà ní ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Bí àwọn ará Èkó ti ń ra ilẹ̀ ní agbègbè wọ̀nyí, oko àti igbó ń di ilé. Igi tí wọ́n ń gé níbẹ̀ kò pọ̀ bí ti Igbó Ọmọ, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ yàtọ̀. Kò sí àyè tí igi lè wó sí láàárín ilé, ọgbà àti wáyà iná. Agégẹdú ní láti gun igi náà, kí ó máa gé e ní ẹyọ-ẹyọ láti òkè, kí ó sì fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀. Jíjábọ́ láti òkè àti iná mànàmáná ni olórí ewu níbẹ̀. Ó yẹ kí ilé iṣẹ́ mànàmáná ti pa iná kí ẹnikẹ́ni tó gun igi tó wà nítòsí wáyà.

Ìlànà ààbò

Ní ọdún 1998, Àjọ Àgbáyé fún Òṣìṣẹ́, ILO, gbé ìwé ìlànà jáde lórí ààbò àti ìlera nínú iṣẹ́ igbó. Lára ohun tí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ń béèrè ni pé kí wọ́n kọ́ agégẹdú níṣẹ́ kí ó tó dá gé igi, kí agbanisíṣẹ́ pèsè ohun ìdáàbòbò, kí ẹnikẹ́ni mìíràn má sún mọ́ igi ju ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ lọ, kí ohun ìtọ́jú ọgbẹ́ àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà gbé aláìsàn jáde wà ní sẹpẹ́, kí agégẹdú má sì dá nìkan ṣiṣẹ́ nínú igbó níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i tàbí gbọ́ ohùn rẹ̀.