Ẹni Tí Ó Bá Dákẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọjà Tí Ó Bàjẹ́ Kí Ọjọ́ Wọ́ráńtì Tó Pé



Àṣà kan wà láàrin àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Òkè Ọya, tí kò ṣe wá ní àǹfààní. Bí a bá ra ọjà, tí ó sì bàjẹ́ láìpẹ́, a ó ní, "Àlejò ni wá, ẹ jẹ́ kí a fi ṣe sùúrù." Bẹ́ẹ̀ ni owó wa ṣe ń ṣòfò. Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ yóò bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé kan ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín, nítorí ₦85,000 kì í ṣe owó ìṣeré.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní Sábó Gàrí, Kánò, ni ó ra ọkọ̀ náà fún àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí ó yege nínú ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì. A bá ìdílé náà yọ̀ púpọ̀. Irú ọkọ̀ tí a ń fi rìmóòtù darí láti òkèèrè ni, ìwé wọ́ráńtì oṣù mẹ́fà sì wà nínú páálí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọkọ̀ kọ̀, kò rìn mọ́. Ọmọ bú sẹ́kún. Àbúrò bàbá rẹ̀ ti mú sukurudíráfà dání, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tú u wò." Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Kíkọ̀ yìí ni ó gbà á là, nítorí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ẹni tí ó bá tú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Àwọn ohun tí a lè yẹ̀ wò láìtú nǹkan kan wà. Kí a kọ́kọ́ cháàjì bátìrì kí ó kún. Kí a wo ojú wáyà bóyá ọ̀kan já. Lẹ́yìn náà, kí a tan rìmóòtù: bí táyà iwájú bá ń yí sí ọ̀tún àti sí òsì, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò rìn, a mọ̀ pé rìmóòtù ń ṣiṣẹ́, iná sì wà nínú bátìrì. Ó kù kí àbùkù wà lára ẹ́ńjìnì kékeré tí ń yí táyà, tàbí lára ẹ̀rọ tí ń díwọ̀n iná fún un, tàbí lára jíà. Gbogbo èyí ni bàbá ọmọ yẹ̀ wò, ó sì kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ wọn.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́ráńtì ń dúró fún. Àbùkù tí ọjà gbé wá láti ibi tí a ti ṣe é ni. Irú ẹ́ńjìnì kan ń lo kábọ́ǹ, gẹ́gẹ́ bí ti ẹ̀rọ ìlọta. Kábọ́ǹ a máa jẹ bí ìsàlẹ̀ bàtà ti í jẹ, jíjẹ bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà sí nínú wọ́ráńtì. Irú kejì kò ní kábọ́ǹ. Wáyà mẹ́ta ni ó jáde lára rẹ̀. Omi, iyanrìn àti bátìrì tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù, ẹni tí ó ra ọjà ni yóò ru ẹ̀bi wọn. Bátìrì lithium olójú méjì jẹ́ fóòtì 7.4, olójú mẹ́ta jẹ́ 11.1. Ẹni tí ó bá fi olójú mẹ́ta sí ẹ́ńjìnì tí a ṣe fún olójú méjì, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí ó bá jó.

Nígbà tí wọ́n dé ìsọ̀, ọ̀gá ìsọ̀ na ìka sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì, níbi tí a tẹ̀ ẹ́ sí pé a kì í dá owó padà. Ẹ̀gbọ́n wa kò pariwo. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ó fi èdè Hausa kí i dáadáa, ó ní kì í ṣe owó ni òun bá wá, ìlérí ni. Ó tẹ́ ìwé wọ́ráńtì àti rìsíìtì sórí tábìlì.

Ọ̀gá ìsọ̀ béèrè pé, "Ṣé ẹ kò fi bátìrì mìíràn sí i?"

Bàbá yíjú sí ọmọ: "Sọ òtítọ́."

Ọmọ ní, "Bàbá, ọ̀rẹ́ mi mú bátìrì ńlá wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò wọ ti ọkọ̀ yìí, a kò sì rí i lò."

Ọ̀gá ìsọ̀ rẹ́rìn-ín, ó gba ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n mú bátìrì lọ sílé, nítorí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbiná lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ kọkànlá, ẹ́ńjìnì tuntun dé láti Èkó, ẹ̀gbọ́n wa kò sì san kọ́bọ̀ kan.

Bí ó bá kọ̀ ńkọ́? Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà, Federal Competition and Consumer Protection Act 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní 2019. Ó pa á láṣẹ pé kí olùtajà fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tí ó rà, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó dára, tí kò ní àbùkù. Àjọ FCCPC, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá, ni a ń fi ẹjọ́ sùn. Òfin náà kò béèrè ìlú tí bàbá ẹni ti wá.

Akọ̀wé rélùwéè ni èmi. Nídìí ẹrù, ìbéèrè kan ni a máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tí ó bá mú ẹ̀sùn wá: níbo ni ìwé ẹrù yín wà? Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí agolo kan wà nínú ilé fún rìsíìtì nìkan. Ẹ kọ ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má ṣe tú u. Ẹ má sì ṣe purọ́, nítorí bí ọ̀kan nínú wa bá purọ́ ní ìsọ̀, ẹni tí ó bá tẹ̀lé e ni wọn kò ní gbàgbọ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi owó wa ra ìyà o.